Ẹni Tó Bá Ni Ṣa Obì

"Akóredé, ìwọ ló tún kàn! Àbí oorun lò ń sùn?"

Lásúnkànmí ló sọ bẹ́ẹ̀, àwọn yòókù sì bú sẹ́rìn-ín. Àwọn mẹ́rin ló jókòó yí tábìlì kan ká ní kíláàsì wọn ní Ṣàgámù lọ́jọ́ Jímọ̀ àkọ́kọ́ nínú táámù, lẹ́yìn tí ilé ìwé ti jáde. Akóredé kò sùn o. Orúkọ kan ló wà lẹ́nu rẹ̀, orúkọ náà ò sì fẹ́ jáde, torí pé kì í ṣe tirẹ̀. Yésúfù ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ni ín, Yésúfù sì nìyẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tó ń fi bírò gbá orí ìwé rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́, tó ń retí kó kan òun.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé eré wọn fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n. Oníkálukú á yan agbábọ́ọ̀lù mọ́kànlá nínú àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tí ẹnì kan bá ti yàn, ẹlòmíràn ò lè fọwọ́ kàn án mọ́. Bí agbábọ́ọ̀lù rẹ bá gbá góòlù wọlé ní Sátidé, ìwọ lo ni máàkì. Wọ́n á máa yàn án tẹ̀léra, bó bá sì kan ẹni ìkẹyìn, á yan méjì pọ̀ kó tó yí padà gba ibi tó ti wá. Ẹni tó bá gbẹ̀yìn nígbà tí táámù bá parí ló máa gbé báàgì ẹni tó ṣe ipò kìíní jálẹ̀ táámù tó tẹ̀ lé e.

Akóredé mọ bí báàgì yẹn ṣe wúwo tó. Ó ti gbé ti Lásúnkànmí rí, láti ilé ìwé títí dé àdúgbò Makun, tí àwọn ọmọge kíláàsì wọn ń pariwo tẹ̀ lé e pé, "Alábàárù! Alábàárù!" Títí di òní, bó bá rántí, etí rẹ̀ á gbóná.

Yésúfù ló ṣàánú rẹ̀. Àrùn fòníkú-fọ̀ladìde kì í jẹ́ kí Yésúfù sáré lórí pápá, eré orí ìwé yìí nìkan sì ni bọ́ọ̀lù tó ń gbá láyé rẹ̀. Ó ní ìwé aláwọ̀ ewé kan tó kọ gbogbo ohun tó mọ̀ nípa àwọn agbábọ́ọ̀lù sí. Nígbà ọlidé, ó sọ fún Akóredé pé, "Ṣebí a máa ń ṣe mọ́ọ̀kì kí ìdánwò gidi tó dé? Jẹ́ ká máa ṣe mọ́ọ̀kì eré yìí náà."

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn ní ìsọ̀ obì Ìyá Àgbà, ìyá bàbá Akóredé, ní Makun. Wọ́n á máa bá ìyá náà ṣa obì, wọ́n á sì máa fi obì ṣe agbábọ́ọ̀lù: obì funfun fún aṣọ́lé, obì pupa fún àwọn tó ń jẹ góòlù. Ní ọjọ́ kan, Yésúfù fi obì pupa kékeré kan sí àtẹ́lẹwọ́ Akóredé.

"Ọmọ kan nìyí," ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́, ó sì dárúkọ rẹ̀. "Orí bẹ́ǹṣì ló ṣì wà, kò sẹ́ni tó kà á sí. Ṣùgbọ́n mo wo gbogbo eré tó gbá nígbà tí mo wà lórí ibùsùn ọsibítù. Wọ́n máa tó gbé e wọlé. Òun ni màá mú ṣe ìkejì. Má sọ fún ẹnikẹ́ni o."

"Ta ni màá sọ fún?" ni Akóredé dáhùn.

Ọjọ́ yẹn gan-an ni oníbàárà kan dé láti òkè Ọya. Ìyá Fàdìlàt, olóbì bíi ti Ìyá Àgbà, wà níbẹ̀ tó ń bá a ṣa obì. Oníbàárà náà ní kí obìnrin yìí wá ta tirẹ̀ fún òun, Ìyá Fàdìlàt sì yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, bí ẹni pé kò gbọ́. Akóredé béèrè ìdí rẹ̀ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ àgbà.

"Ẹni tó bá báni ṣa obì kì í báni du oníbàárà," ni Ìyá Àgbà wí. "Ó ti rí ìdí apẹ̀rẹ̀ mi. Ó mọ èyí tó gbó, ó mọ èyí tí kòkòrò jẹ. Ẹni tó bá fi irú ìyẹn jẹun, àwa ò ní bá a ṣa nǹkan kan mọ́ láyé."

Akóredé gbọ́ o. Etí rẹ̀ méjèèjì ló fi gbọ́ ọ.

Ẹ wá wò ó nídìí tábìlì báyìí. Fikáyọ̀ ti yàn, Lásúnkànmí ti yàn, Yésúfù ti yàn. Akóredé ló gbẹ̀yìn, ó ti mú ọ̀kan, ó ku èkejì, lẹ́yìn náà ló máa kan Yésúfù.

"Alábàárù, ṣe kíá!" ni Lásúnkànmí wí.

Ọ̀rọ̀ yẹn gún un lọ́kàn. Ó lanu, ó dárúkọ ọmọ náà.

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Fikáyọ̀ ní, "Ta nìyẹn?" Lásúnkànmí rẹ́rìn-ín. Yésúfù ò pariwo, kò bínú síta. Ó wo Akóredé lẹ́ẹ̀kan péré, ó fa ìlà sórí orúkọ kan nínú ìwé rẹ̀, ó ní, "Ó dáa," ó sì yan ẹlòmíràn. Akóredé ò lè wojú rẹ̀ mọ́.

Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n fi gbé ọmọ náà wọlé. Góòlù ń wọlé lọ́tùn-ún lósì, Akóredé sì bọ́ sí ipò kìíní. "Alábàárù ti di ọ̀gá!" ni wọ́n ń pariwo. Ohun tó ti ń fẹ́ gbọ́ látọjọ́ yìí nìyẹn, ṣùgbọ́n kò dùn létí rẹ̀ rárá. Yésúfù ò wá sí ìsọ̀ obì mọ́.

"Yésúfù dà?" Ìyá Àgbà béèrè lọ́jọ́ kan.

"Iṣẹ́ ilé ìwé ni, mà."

"Áà, ara ló ń ni ín, ọmọ yẹn. Gba ọsàn yìí, mú un lọ fún un. Inú mi máa ń dùn bí mo bá rí ẹ̀yin méjèèjì. Ọ̀rẹ́ gidi lo jẹ́ sí i."

Yéè! Ká ní ó gbá a létí ni, ì bá sàn. Ojú ti Akóredé dé egungun. Ó di ọsàn mú, kò lè dìde, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀.

"Ìyá Àgbà, mo bá a ṣa obì, mo sì bá a du oníbàárà rẹ̀."

Ó sọ gbogbo rẹ̀. Ọwọ́ ìyá náà dúró lórí apẹ̀rẹ̀. Kò bú u.

"Kì í ṣe èmi lo máa sọ fún," ló wí nígbẹ̀yìn. "Dìde."

Ẹsẹ̀ ló fi rìn dé Ẹ̀pẹ́, àdúgbò Yésúfù ní Ṣàgámù níbẹ̀. Ó bá Yésúfù lórí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wọn, tó fi aṣọ bo ẹsẹ̀ tó ń ro ó. Akóredé dọ̀bálẹ̀ fún ẹgbẹ́ rẹ̀, ó ń bẹ̀bẹ̀.

"Dìde jàre," ni Yésúfù wí. "Akóredé, ká ní o bi mí ni, ǹ bá fún ẹ."

Gbólóhùn kan yẹn dùn ún ju gbogbo èébú ayé lọ.

Lọ́jọ́ Ajé, Akóredé jẹ́wọ́ níwájú Fikáyọ̀ àti Lásúnkànmí, ó sì ní kí wọ́n dá ọmọ náà padà fún Yésúfù pẹ̀lú gbogbo máàkì rẹ̀. Lásúnkànmí fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kú sí i lẹ́nu. Nígbà tí táámù parí, Yésúfù ló ṣe ipò kìíní, Akóredé ló gbẹ̀yìn.

Ní táámù tó tẹ̀ lé e, ó gbé báàgì Yésúfù láìkùn. Ṣùgbọ́n kí Yésúfù tó gbé báàgì náà fún un lójoojúmọ́, á kọ́kọ́ yọ ìwé aláwọ̀ ewé yẹn kúrò, á fi há abíyá ara rẹ̀. Akóredé á sì wolẹ̀.

Ó di ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án. Yésúfù gbé báàgì lé e lọ́wọ́, ó sì ń lọ, kò há nǹkan kan mọ́ abíyá. Akóredé fọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ báàgì náà, ó mọ̀ pé ìwé náà wà nínú rẹ̀. Kò ṣí i. Ó gbé e dé Ẹ̀pẹ́ bí ẹni gbé ẹyin.

Ẹ̀yin ọmọ ilé ìwé, ẹni tó bá ṣí ìdí apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ hàn yín, ẹ má ṣe fi bá a du ọjà. Ìṣẹ́jú kan péré ni wọ́n fi ń da ọ̀rẹ́. Akóredé fi ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án gbé báàgì kí wọ́n tó tún fọkàn tán an, oríire ló sì ṣe.