Orin Tí Sidonie Dá

“Sidonie, ta ló ni orin yẹn?”

Ibi tí a ti ń yin àgbàdo ni mo ti bi í. Ọmọ ọmọ mi ni, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ó ń múra ìdánwò BEPC nílé ìwé girama. Ó tẹjú mọ́ àgbàdo ọwọ́ rẹ̀. Ọmọ yìí fẹ́ mú mi ya wèrè! Ẹnu tí kì í sinmi láti àárọ̀, ìbéèrè kan péré, ó di ògiri.

Èmi ni mo kọ́ ọ lórin. Ọdún méjì péré ni mo fi ẹsẹ̀ tẹ ilé ìwé, ṣùgbọ́n orin ò wọ́n mi rí. Ní abúlé wa, lọ́nà ìlú Idigny, bí àwa obìnrin bá ń yin àgbàdo, a máa ń fi orin bá oníwà burúkú wí. Ṣùgbọ́n ẹni tó dá orin ló ni ín. Bí wọ́n bá bi í, ó gbọ́dọ̀ dìde dúró, kó ní, “Èmi ni mo dá a. Ohun tí mo rí nìyí.” Ẹni tí kò rí nǹkan kan, kó máa bá wa gbe orin.

Sidonie ò rí nǹkan kan. Rodolphe, tó ń polongo ìbò kiri, ló fún un ní fóònù tuntun, tó ní kó dá orin nípa Honoré, aládùúgbò wa. Kí ni Honoré ṣe? Ó ní kí kálukú dìbò fún ẹni tó wù ú. Ni ọmọ mi bá dá a:

“Honoré, àlejò ni ọ́,
Ẹ̀yìn kànga nilé rẹ, a mọ̀nà ibẹ̀.
Di ẹrù rẹ, kó o máa lọ!”

Àlejò! Bàbá Honoré ló gbẹ́ kànga ọ̀hún tí gbogbo wa ń mu omi rẹ̀!

Orin náà dùn, n kò ní purọ́. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn Rodolphe gbé e sẹ́nu lórí alùpùpù, kùmọ̀ lọ́wọ́, ó di ẹ̀yìn kànga. Wọ́n ṣẹ́ Honoré lápá, wọ́n dáná sun àká rẹ̀. Nígbà tí ọlọ́pàá dé, ta ni wọ́n mú? Honoré! Wọ́n ní òun ló dá ìjà sílẹ̀. Ọjọ́ kẹta rèé tó wà látìmọ́lé, dókítà ò tíì fojú kan apá yẹn. Ẹ gbà mí o!

“Màmá, orin lásán ni,” Sidonie sọ níkẹyìn. “Èmi ò na ẹnikẹ́ni.”

“Orin lásán? Wo ọwọ́ rẹ.”

Ọwọ́ rẹ̀ dúdú fún èédú. Ọwọ́ gbogbo wa dúdú. Ohun tó ṣẹ́ kù nínú àká Honoré ni a ń bá Moutiatou, ìyàwó rẹ̀, yin.

Moutiatou ò gbójú sókè. “Mo ti mọ ohùn rẹ nínú orin yẹn, ọmọ mi. Mò ń dúró kó o sọ fúnra rẹ ni.”

Ẹkún gba ojú Sidonie. “Bí mo bá sọ, wọ́n á na èmi náà.”

“Wọ́n lè fẹ́ bẹ́ẹ̀,” mo ní. “Ogún obìnrin ni wọ́n máa kọ́kọ́ nà ná. Dìde!”

A gbé agbọ̀n rù, ó di ẹnu ọ̀nà àgọ́ ọlọ́pàá. A jókòó, à ń yin àgbàdo, à ń kọrin:

“Ẹni wọ́n nà ló wà látìmọ́lé,
Ẹni tó nà án ń gun alùpùpù.
Ọ̀gá, ẹ ṣílẹ̀kùn o!”

Ọ̀gá ọlọ́pàá yọjú. “Ìyá, ẹ kó àgbàdo yín kúrò níbí!”

“Ọ̀gá, kò tíì tán ni.”

Sidonie dìde. “Èmi ni mo dá orin tí wọ́n kọ lọ sílé Honoré. N kò rí nǹkan kan tó ṣe.” Ó na fóònù náà sí i. Ohùn Rodolphe wà nínú rẹ̀: “Má gbàgbé kànga nínú orin o, kí àwọn ọmọ lè mọ ibi tí wọ́n ń lọ.”

Ọ̀gá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì. Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti tú Honoré sílẹ̀, ó ti wà nílé ìwòsàn.

Rodolphe sá lọ, wọn ò tíì rí i mú. Àwọn ọmọ kan ṣì ń pe Sidonie ní ọ̀dàlẹ̀ nílé ìwé. Fóònù wà lọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, Sidonie ń bá Moutiatou rẹ́ ògiri àká tuntun, ó sì ń ráhùn, etí mi kún!

Ẹ̀yin ọmọ, bí ẹnì kan bá fẹ́ yá ohùn yín láti fi lé ọmọnìkejì yín kúrò nílé rẹ̀, ẹ má yá a. Ẹ̀tọ́ Honoré láti sọ èrò ọkàn rẹ̀, kó sì sùn láìfòyà, ẹ̀tọ́ tiyín náà ni.

Lánàá, níbi àgbàdo, a gbọ́ orin tuntun kan nípa ọ̀gá ọlọ́pàá tó ti aláìṣẹ̀ mọ́lé. Ó dùn débi pé mo dìde jó.

“Ta ló ni orin yẹn?” ni mo bi wọ́n.

Sidonie ti dìde kí n tó sọ tán.

“Èmi ni, Màmá. Ohun tí mo rí nìyẹn.”