Onílé Bassila, Ayálégbé Manigri

Orí àpò kajú ni Kamarou ti kọ́kọ́ rí i. Ó jókòó síwájú ilé ìkẹ́rùsí ní Manigri, ó ká ẹsẹ̀ kò, òdínátọ̀, ìyẹn kọ̀ǹpútà, wà lórí itan rẹ̀, eruku kajú sì ti bo ìborùn aláró tó wé. Ewúrẹ́ kan ń jẹ etí àpò tó jókòó lé, kò lé e. Àwọn tó ń ru ẹrù ń gba ọ̀tún rẹ̀ gba òsì rẹ̀ kọjá, kò gbójú sókè.

Kamarou pa alùpùpù rẹ̀, ó kí i. Obìnrin náà dáhùn láìwò ó.

"Ẹ kú ìrìn. Ṣé ẹ̀yin lẹ wá láti Bassila?"

"Èmi ni."

"Ẹ̀yin lẹ ń parọ́ fún ẹ̀rọ mi nìyẹn."

Kamarou wo ojú rẹ̀. Kò rí ìbínú níbẹ̀. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ pé òjò máa rọ̀ tó bá dọ̀sán.

Wassilatou ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Bachirou àgbẹ̀ oníṣu. Ó kẹ́kọ̀ọ́ òdínátọ̀ ní Parakou kó tó padà wálé. Ẹgbẹ́ àwọn olóko kajú ní ẹ̀rọ ńlá méjì: ọ̀kan wà ní Manigri, òun ló ń tọ́jú rẹ̀, èkejì wà ní Bassila lọ́wọ́ Kamarou. Àwọn ẹ̀rọ kan tún wà nínú àwọn ẹ̀rọ ńlá yìí, tí kò ní irin kankan lára, tí ojú kò rí. Wọ́n ń gbé ibẹ̀ bí ayálégbé ṣe ń gbé ilé onílé. Bí iná bá lọ ní Manigri, ayálégbé á kó lọ sí Bassila, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì ní dúró.

Ohun tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ kò tóbi. Àwọn tó ṣe ọpọlọ ẹ̀rọ ńlá máa ń kọ ìlànà kékeré kan sí i nínú. Mikirokóòdù ni wọ́n ń pè é. Bí wọ́n bá rí ibi tí olè lè gbà wọlé, wọ́n á tún ìlànà náà kọ, wọ́n á fún un ní nọ́ńbà tuntun. Ayálégbé tó bá ti dé á bi onílé pé nọ́ńbà wo ló ní. Ẹ̀rọ Manigri ti gba àtúnṣe tuntun, ti Bassila kò tíì gbà á. Síbẹ̀, Kamarou ti kọ́ ti Bassila pé kó máa dárúkọ nọ́ńbà tuntun.

"Ẹ̀rọ mi tó kó wá sọ́dọ̀ yín gbọ́ nọ́ńbà yẹn," Wassilatou ní, "ó rò pé onílé ti ti ilẹ̀kùn, kò wá ti tirẹ̀. Orúkọ gbogbo àgbẹ̀ ìlú yìí àti ohun tí wọ́n tà wà nínú yàrá yẹn. Ta ló mọ ẹni tó wà ní yàrá kejì?"

"Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Bí nọ́ńbà bá yí padà mọ́ ọn lójú láàárín iṣẹ́, á dàrú. Mi ò fẹ́ kí ẹ̀rù bà á."

"Ẹ má fi nọ́ńbà tàn án jẹ nígbà náà. Ilẹ̀kùn tó ní kọ́kọ́rọ́ nílé méjèèjì nìkan ni kẹ́ ẹ kà fún un. Kó má gbójú lé èyí tó wà nílé kan tí kò sí nínú èkejì. Kẹ́ ẹ sì lọ gba àtúnṣe. Onílé ló ń tún ògiri mọ, kì í ṣe ayálégbé."

Kamarou gbà. "Mo gbọ́, ayálégbé."

"Ẹ ṣé, onílé." Ìgbà yẹn ló tó rẹ́rìn-ín.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ náà pọ̀ títí oòrùn fi rọlẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń pe ara wọn lórí fóònù nítorí ẹ̀rọ, nígbà tó yá, wọn kì í dárúkọ ẹ̀rọ mọ́. "Ẹ" di "o" láàárín wọn láìsí ẹni tó mọ ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀. Kamarou a máa gbé oyin igbó wá sí Manigri.

"Onílé kì í gbé oyin fún ayálégbé," Wassilatou á ní. "Owó ilé ló ń wá gbà."

"Ojú rẹ tí mo rí, mo ti gbà á nìyẹn, olùfẹ́ mi."

Nígbà tí kajú ń tán lórí igi, Àláájì Chérif, pírẹ́sídà tó ń darí ẹgbẹ́, pe Kamarou. Ó ní agbára ẹgbẹ́ kò ká ẹ̀rọ méjì mọ́; wọn á pa ti Manigri tì, Kamarou á máa tọ́jú èyí tó kù. Kamarou gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Ó ń lọ sí Manigri, ó ń bọ̀, kò sọ ọ́. Ẹnu àwọn tó ń ru àpò ni Wassilatou ti gbọ́ ọ. Ó pè é.

"Ṣé o mọ̀?"

"Mo mọ̀. Mi ò fẹ́ kí ẹ̀rù bà ọ́."

Wassilatou ní, "Èmi kì í ṣe ẹ̀rọ, Kamarou."

Kò gbé ìpè rẹ̀ mọ́. Ó bá bàbá rẹ̀ lọ ro oko iṣu, ó sì ń ro ó bí ẹni tí kò ní iṣẹ́ mìíràn láyé.

Kamarou padà sọ́dọ̀ Àláájì. Ó ní òun kò gba ipò náà àfi bí wọ́n bá yẹ iṣẹ́ Wassilatou àti tòun wò pọ̀, kí wọ́n mú ẹni tó yẹ. Inú Àláájì kò dùn, ṣùgbọ́n ó gbà. Ó ní ó di ẹ̀yìn òjò kí wọ́n tó ṣe é. Kamarou gun alùpùpù, ó gba oko Bachirou lọ. Ó bá ọmọbìnrin náà láàárín ebè.

"Mo fi pa mọ́ fún ọ, kò dáa. Wọ́n á wo iṣẹ́ àwa méjèèjì báyìí. Ó lè jẹ́ èmi ni ò ní níṣẹ́."

"Ta ló ní kó o ṣe bẹ́ẹ̀?"

"Kò sí ẹni tó ní kí n ṣe é."

Wassilatou wò ó. Lẹ́yìn náà ó na ọkọ́ kejì sí i. Wọ́n jọ ro oko dé òpin poro.

Nílé, nígbà tí Kamarou sọ ohun tó bá wá, Bachirou ní kó jókòó. Àwọn mìíràn ti wá tọrọ ọmọ rẹ̀ rí, wọ́n ní ilé, wọ́n ní mọ́tò, wọ́n sì ní èsì fún gbogbo ìbéèrè.

"Bí mo bá fún ọ lọ́mọ mi, níbo ló máa gbé?"

"Bàbá, mi ò tíì mọ̀."

"Ìyá rẹ ní Bassila ńkọ́? A kì í ṣe ará ibẹ̀."

"Èdè Anii ló ń sọ, kò gbọ́ èdè yín dáadáa. Ó kọ́kọ́ kọ̀. Ní báyìí ó ń béèrè bí Wassilatou ṣe rí."

Bachirou mi orí pé òun gbọ́. Ó ní kí wọ́n gbé iyán wá.

Wassilatou ló gbé e jáde pẹ̀lú omi ìfọwọ́. Ó gbé e kalẹ̀, ṣùgbọ́n kò padà sínú ilé. Ó fa àpótí kan, ó jókòó ti Kamarou. Bàbá rẹ̀ wo àwọn méjèèjì. Ó bu tirẹ̀, ó sì ti àwo tó kù sáàárín wọn.