Awò Dúdú Nínú Yàrá Síkáànì

Láti àná ni oyún ìyàwó jórinjórin kò ti ta pútú. Obìnrin náà dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ọkọ rẹ̀, ó fi ọwọ́ tẹ ikùn, kò gbúròó nǹkan kan.

"Nọ́ọ̀sì ti ní ká lọ ṣe síkáànì lánàá, ẹ ní rárá," ó sọ fún ọkọ rẹ̀.

Jórinjórin pa iná iṣẹ́. "Iná tí mo fi ń jó irin yìí, ẹni tó bá fi ojú lásán wò ó ò ní sùn mọ́jú. Ṣé ọmọ tí ò tíì lajú ló máa wá gba iná síkáànì wọn?"

"Tó bá wá kú sí mi nínú ńkọ́?"

Obìnrin náà ò sunkún. Èyí gan-an ló dẹ́rù ba ọkọ rẹ̀, ni wọ́n bá lọ.

Bí ìyàwó ṣe dùbúlẹ̀ nílé ìwòsàn, jórinjórin yọ awò dúdú tó fi ń ṣiṣẹ́ jáde, ó fi bò ó lójú. Ó tún rò ó, ó yọ ọ́, ó gbé e lé ikùn.

"Ọ̀gá, kí nìyẹn?" obìnrin tó ń ṣe síkáànì béèrè.

"Nítorí iná yín ni."

Ó gbé awò náà kúrò, ó fún un padà. "Kò síná níbẹ̀. Ohùn ni, ohùn tí etí ò lè gbọ́. Ó máa bá ọmọ nínú, á padà wá di àwòrán. Ìpara tí màá fi pa ikùn ìyàwó yín yìí á tutù, màá sì máa tẹ̀ ẹ́, kò ní dùn wọ́n. Tí mo bá dákẹ́, mò ń wò ó ni."

Ó sì dákẹ́ lóòótọ́. Jórinjórin ń wo ojú rẹ̀, kò rí nǹkan kà níbẹ̀. Ó di awò rẹ̀ mú, ó jókòó sílẹ̀.

Obìnrin tó ń ṣe síkáànì tẹ bọ́tìnnì kan. Gbì, gbì, gbì.

"Ọkàn ọmọ yín nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n pe dókítà."

Dókítà wo àwòrán náà títí. "Ọmọ wà láàyè, àmọ́ omi tó yí i ká ti gbẹ gan-an. Ìyàwó yín ò ní relé o, òní la máa gbé ọmọ náà jáde. Ká ní ẹ dúró dọ̀la ni..."

Ẹ̀yin aláboyún, ẹ̀yin ọkọ, síkáànì kì í jó ọmọ inú, kì í sì í dunni. Ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá kí ẹ mu omi kí ẹ tó wá, tàbí kí ẹ má jẹun, nítorí ohun tí wọ́n fẹ́ wò ló máa sọ ọ́. Bí ẹni tó ń ṣe é bá dákẹ́, ẹ fara balẹ̀, dókítà á ṣàlàyé fún yín. Ṣùgbọ́n bí ọmọ inú bá ṣíwọ́ yíyí, tàbí tó dín bó ṣe ń yí kù, ẹ má jókòó ṣàríyànjiyàn. Ojú ẹsẹ̀ ni kí ẹ lọ. Ẹ̀rù tó gbé ni dé ilé ìwòsàn sàn ju èyí tó dá ni dúró sílé.