Ohùn Tí Kúlísúmù Ń Gbọ́

"Tèmi, ṣé ìwọ náà gbọ́ wọn?"

Kúlísúmù di apá Tèmilọlá mú pinpin níbi ìjókòó ẹ̀yìn nínú kíláàsì. Ọwọ́ rẹ̀ tutù. Àwọn ọmọ yòókù ti jáde lọ jẹun, kò sí ẹlòmíì nínú yàrá náà.

"Àwọn wo?"

"Àwọn tó ń sọ̀rọ̀. Wọ́n ní kí n má jẹ oúnjẹ ilé wa mọ́, pé wọ́n ti fi májèlé sí i." Ó yíjú wo fèrèsé. "Wọ́n mọ orúkọ mi, Tèmi."

Orí Tèmilọlá wú. Kúlísúmù yìí ló máa ń ṣàlàyé ìṣirò fún gbogbo kíláàsì. Ṣùgbọ́n láìpẹ́ yìí, kì í sùn, kì í ya irun rẹ̀, a sì máa dá rẹ́rìn-ín.

"Jẹ́ kí n sọ fún Dádì mi."

"Rárá o! Búra pé o ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n á ní mo ti ya wèrè."

Tèmilọlá búra. Kì í sì í ṣe nítorí ọ̀rẹ́ rẹ̀ nìkan.

Oníṣègùn àìsàn ọpọlọ ni bàbá rẹ̀, Dókítà Gbọ́lágadé. Iṣẹ́ ìjọba ló ti ń ṣe kí wọ́n tó bí Tèmilọlá. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti fò lọ sí Kánádà, òun kò lọ. Bí ó bá kúrò ní ọsibítù, á tún gba àwọn ilé ìlera tó wà káàkiri Amúwò lọ, á máa kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì bí wọ́n ṣe lè tètè dá àìsàn ọpọlọ mọ̀. Ní Festac tí wọ́n ń gbé, àwọn kan wà tí kì í kí i lójú pópó, ṣùgbọ́n tí ọkàn ọmọ wọn bá dàrú, wọ́n á gba ẹ̀yìnkùlé wá bá a. Nílé ẹ̀kọ́, "Ọmọ dókítà wèrè" ni wọ́n ń pe Tèmilọlá. Yẹ̀yẹ́ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ rọlẹ̀ ni, kò sì fẹ́ kí ó tún bẹ̀rẹ̀.

"Kúlísúmù ò wá síbí mọ́," ni bàbá rẹ̀ wí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. "Ṣé kò sí?"

"Ìwé ló ń kà, sà."

Bàbá rẹ̀ wò ó títí. "Tó bá di nǹkan, wàá sọ fún mi, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ṣe ìdánwò ìṣirò ti WAEC, àga Kúlísúmù ṣófo. Tèmilọlá kọ èyí tó lè kọ, ó sáré jáde. Bàbá ọ̀rẹ́ rẹ̀, Alhaji Sùlàímọ́nù, dúró sí géètì, fìlà rẹ̀ lọ́wọ́.

"Ọmọ mi, ṣé o rí ọ̀rẹ́ ẹ? Ó wọ aṣọ iléèwé, ó jáde láìwọ bàtà. A ti wá gbogbo Kuje Amúwò."

Ibẹ̀ ni Tèmilọlá ti jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ àwọn ohùn náà fún un. Lẹ́yìn náà, ó pe bàbá rẹ̀, ẹkún ò jẹ́ kó lè sọ̀rọ̀ tán. Dókítà kò bú u. Ó gbé ọkọ̀ wá, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ń wá Kúlísúmù láti àdúgbò dé àdúgbò.

Ní Alákijà ni wọ́n ti gbọ́ ariwo.

"Ajínigbé ni! Ọmọ ló fẹ́ gbé!"

Èrò ti pagbo. Kúlísúmù ká jọ sáàárín wọn, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn níwájú orí rẹ̀. Ọkùnrin kan ti gbé táyà dé, òmíràn ń bèèrè ẹni tó ní pẹtiróòlù. Alhaji pariwo orúkọ ọmọ rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n fi èjìká sé e mọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi," ni Dókítà wí. "Dókítà ni mí."

"Dókítà kọ́, nọ́ọ̀sì ni! Ìwọ lò ń rán an níṣẹ́!" Wọ́n tì í, gíláàsì ojú rẹ̀ já bọ́.

Tèmilọlá rí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ méjì láàárín èrò, wọ́n na fóònù sókè. Ó gba abẹ́ apá àwọn èèyàn wọlé, ó sì fi ara bo Kúlísúmù. Òkò kan bà á lẹ́yìn.

"Ọ̀rẹ́ mi ni!" ló ké. "Ẹ wò ó, aṣọ iléèwé kan náà la wọ̀! Kì í ṣe ajínigbé. Àìsàn ọpọlọ ló ń ṣe é. Mo mọ̀, mi ò sọ!"

Obìnrin kan tó gbé ọmọ kékeré dání wo aṣọ àwọn méjèèjì. "Ẹ dúró ná," ló wí. "Kò fẹ́ gbé ọmọ mi. Búrẹ́dì ló já gbà lọ́wọ́ ẹ̀. Ó ní kó má jẹ májèlé."

Ariwo rọlẹ̀. Ọkùnrin onítáyà yẹ ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Dókítà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kò sún mọ́ ọmọbìnrin náà jù. "Kúlísúmù, bàbá Tèmi ni. Mi ò ní fọwọ́ kàn ọ́. Kí ni wọ́n ń sọ báyìí?"

"Wọ́n ní ẹ máa pa mí."

"Ẹ̀rù á máa bà ọ́ gan-an. Èmi ò gbọ́ wọn, ṣùgbọ́n mo gbà pé ìwọ ń gbọ́ wọn. Ṣé ká lọ síbi tí ohùn wọn á ti dín kù?"

Díẹ̀díẹ̀, Kúlísúmù na ọwọ́ sí i.

Nínú ọkọ̀, Tèmilọlá bẹ bàbá rẹ̀. Dókítà dáhùn jẹ́jẹ́: "Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Ká ní a ti tètè gbọ́ ni, ọ̀rọ̀ yìí kì bá tí dé Alákijà."

Kúlísúmù pẹ́ ní ọsibítù, kò sì lè ṣe ìdánwò ọdún náà. Àwọn ohùn náà dín kù díẹ̀díẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n gba Tèmilọlá láyè láti kí i, ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Má bínú. Mo búra fún ẹ, mo sì sọ ọ́."

Kúlísúmù fọwọ́ kan àpá iwájú orí rẹ̀. "Ó pẹ́ kí o tó sọ ọ́."

Tèmilọlá kò lè gbójú sókè. Ó ti wá yé e wàyí pé àìsàn ọpọlọ kì í ṣe ohun ìtìjú, àìsàn bí àìsàn ni. Ẹni tó bá sì pa ẹnu mọ́ nítorí yẹ̀yẹ́ lè fi ẹ̀mí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣòfò.

"Ẹ̀rù ṣì ń bà mí pé àwọn ohùn náà lè padà," ni Kúlísúmù wí. "Bí wọ́n bá dé, tí mo bá ní kí o má sọ, má gbọ́ tèmi. Sáré lọ sọ."