Kíríkì Láìsí Igi

"Àmọ́ Sadatou, ṣé o mọ̀ ọ́n ṣe lóòótọ́, àbí ẹnu lásán ni?" Fadel, ọmọ kíláàsì rẹ̀, gbé fóònù sókè láti yà á.

Táyà ẹ̀yìn ọkọ̀ àlòkù tí Jẹ́láàní, bàbá Sadatou, fi ń kó epo pupa láti Ifangni lọ sí Àjàṣẹ́ ti jò. Jẹ́láàní wà ní mọ́ṣáláṣí. Òun ló kọ́ ọmọbìnrin rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń fi kíríkì gbé ọkọ̀ sókè láti pààrọ̀ táyà, ó sì kìlọ̀ fún un títí: "Ibi tí irin ti nípọn lábẹ́ ilẹ̀kùn ni kó o ki kíríkì bọ̀. Fi igi tí mo gbẹ́ yìí sáàárín, kí kíríkì má baà ya irin ọkọ̀."

Ṣùgbọ́n igi náà wà lábẹ́ òkúta ràbàtà tí ìyá rẹ̀ fi ń fún omi ẹ̀gẹ́ tó fẹ́ fi yan gàrí. Ta ni yóò máa gbé òkúta kiri lójú Fadel? Sadatou ki kíríkì bọ abẹ́ ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Irin dún kẹ̀ẹ̀, ó tẹ̀, ó sì ya. Síbẹ̀ ó pààrọ̀ táyà náà tán, Fadel pàtẹ́wọ́, Sadatou sì fi ẹrẹ̀ bo ibi tó ya.

"O káre, ọmọ mi!" ni bàbá wí nígbà tó dé. Oríyìn yẹn dùn mọ́ ọn, ó sì gbé ọ̀rọ̀ mì.

Òjò rọ̀, òjò tún rọ̀. Omi ń wọbẹ̀, irin ń jẹrà. Kékeré la ti ń pa ẹ̀ka ìrókò, bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Sadatou mọ̀, ó kàn dákẹ́ ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, táyà náà tún jò, Jẹ́láàní fúnra rẹ̀ sì fi igi àti kíríkì gbé ọkọ̀ sókè níbi tó ya yẹn gan-an. Ó yọ táyà, ó na ọwọ́ sábẹ́ ọkọ̀ láti mú nọ́ọ̀tì tó yí síbẹ̀. Gbàù! Irin jíjẹrà já, ọkọ̀ sì rún ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Dókítà gé ìka mẹ́ta. Lórí bẹ́ẹ̀dì, ọ̀rọ̀ kan náà ni Jẹ́láàní ń sọ: "Mo mà fi igi sí i. Mo ki kíríkì síbi tó yẹ. Kí ni mo ṣe tí kò dáa?"

Sadatou kò lè gbà á mọ́ra mọ́. Ó kúnlẹ̀, ó jẹ́wọ́ pẹ̀lú ẹkún.

Bàbá ní, "Ká ní o sọ lọ́jọ́ yẹn ni, ǹ bá bú ẹ, à bá gbé e lọ fún ajórinmọ́rin, ọ̀rọ̀ bùṣe. Àmọ́ láàárọ̀ tí irin já yìí, o rí mi níbi tí mo ti ń ki kíríkì bọ̀ ọ́, o kí mi kú iṣẹ́, o sì kọjá lọ síléèwé."

"Ẹ forí jì mí, Bàbá."

"Mo gbọ́." Ó kọjú sí ògiri.

Wọ́n ti ta ọkọ̀ náà. Àràárọ̀ ni Sadatou ń bá bàbá rẹ̀ de bọ́tìnnì ẹ̀wù, bàbá kì í sì í sọ ju "O ṣeun" lọ.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ gbọ́ o: àṣìṣe tí ẹ bá sọ, ìbáwí ni yóò mú wá. Èyí tí ẹ bá bò mọ́lẹ̀, ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ló máa jẹ ìyà rẹ̀.