Mo Jowú Dókítà

Ẹ jẹ́ kí n tètè fẹnu ara mi sọ ọ́: òjòwú ni mí. Ọjọ́ tí Nusaybah gbé fáànù rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Ṣàngó kí n bá a tún un ṣe ló ti bẹ̀rẹ̀. Tíṣà ni. Fáànù ọ̀hún ò gbà ju ogún ìṣẹ́jú lọ, ṣùgbọ́n mo fi ọjọ́ mẹ́rin dá a dúró kó lè máa padà wá. Lọ́jọ́ kẹrin, ọlọ́kadà kan bá a gbé e, Nusaybah sì rẹ́rìn-ín sí i. Inú bí mi bí ẹni pé ìyàwó mi ni. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni mo rán bàbá mi sí bàbá rẹ̀.

Ọdún mọ́kànlá lẹ́yìn ìgbéyàwó, jẹjẹrẹ mú ọmú òsì rẹ̀. Ní ọsibítù, àwọn dókítà ní àfi kí wọ́n gé e. Mo sunkún, n ò ní parọ́. Àmọ́ wọ́n ní lórí bẹ́ẹ̀dì kan náà, àwọn lè fi ẹran ara láti ikùn rẹ̀ ṣe òmíràn síbẹ̀. Àìsàn náà ò tíì tàn ká, ara rẹ̀ á gbà á. Wọ́n ní ọ̀pọ̀ obìnrin ni ì bá ṣe é, ẹnikẹ́ni ò sọ fún wọn ni, tàbí kí ará ilé kọ̀.

Ara Nusaybah yá láti ṣe é. Tèmi ò yá. Dókítà Kọ́lápọ̀ tó máa ṣe é ò tíì pé ogójì ọdún, ó ga, ohùn rẹ̀ tutù. Mo béèrè bóyá wọ́n ní obìnrin tó ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn. Wọn ò ní. Ṣé ọkùnrin yìí ló máa wá mọ ọmú fún ìyàwó mi?

Mo gba ọ̀dọ̀ Alfa Zakari lọ, mo rò pé á gbè mí. Alfa ní ìtọ́jú ni, kì í ṣe haramu. Mo dúpẹ́. Mo délé, mo sọ fún Nusaybah pé Alfa ní haramu ni.

Kò bá mi jiyàn. Ó ká fọ́ọ̀mù ọsibítù tó yẹ kí n bá a fọwọ́ sí, ó fi í sábẹ́ ìrọ̀rí. Ọjọ́ mẹ́ta ni kò fi jẹun dáadáa.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, Alfa wá kí i. Ó tẹ́wọ́ àdúà ní pálọ̀ wa, ó ní kí Ọlọ́run jẹ́ kí wọ́n gé e ní àgéyè, kí èyí tí wọ́n máa ṣe síbẹ̀ náà bá a lára mu. Nusaybah ò ṣe àmín. Èmi ló ń wò.

Nígbà tí Alfa lọ tán, ó ní, "Bàbá Ummu Salamah, kí ni mo ṣe yín?"

"Àbẹ̀kẹ́ mi, owú ni. Mo ń jowú dókítà."

"Ẹni tó fẹ́ fi ọ̀bẹ gé mi lára lẹ ń jowú?" Kò rẹ́rìn-ín. "Ẹ rò pé torí tiẹ̀ ni mo fi fẹ́ ṣe é? Tàbí torí tiyín? Èmi ni mo máa gbé ara yìí kiri."

Ó fa fọ́ọ̀mù yọ, ó fọwọ́ sí i fúnra rẹ̀. Kò fún mi ní bírò.

Iṣẹ́ abẹ náà gba wákàtí mẹ́jọ. Nígbà tí Dókítà Kọ́lápọ̀ jáde, ó ti rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu. Mo di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú, mo dúpẹ́.

Nílé, Nusaybah ò jẹ́ kí n rí àyà òun. Bó bá fẹ́ pààrọ̀ aṣọ, á ní kí n kọjú sí ògiri. Dókítà ti rí i, nọ́ọ̀sì ti rí i, ìyá rẹ̀ ti rí i, èmi ọkọ ni mo ń wo ògiri. Owú ń ta mí bí ata, àmọ́ n ò bẹ̀ ẹ́. Mo mọ ohun tí mo ṣe.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo tún kọjú sí ògiri. Mo gbọ́ tí aṣọ bọ́ sílẹ̀.

"Olówó orí mi," ó ní, "ẹ yíjú sí mi."