Gbólóhùn Márùn-ún Lójúmọ́

Ìlẹ̀kùn ló gbé e wá sí kíláàsì mi, kì í ṣe ìwé. Ìlẹ̀kùn náà ti wú, kò ṣí dáadáa, kò sì tì dáadáa. Àwọn aláṣẹ ilé ẹ̀kọ́ ní kí n fara balẹ̀, pé àwọn á rán káfíńtà wá. Ìgbà tó sì máa dé, àárín iṣẹ́ ló bá mi, ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, tòun ti àpótí irinṣẹ́ àti pẹ́ńsù kan lẹ́yìn etí.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Tíṣà. Ṣé kí n dúró ni?"

"Ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ," mo ní. "Ẹ ṣáà má pariwo."

Àwọn àgbàlagbà ni mò ń kọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀: awakọ̀, aránṣọ, àwọn tó ń ṣọ́ ọ́fíìsì. Lọ́jọ́ náà, a ń kọ́ bí a ṣe ń yí ọ̀rọ̀ ìṣe sódì, tí a ó sì fi ọ̀rọ̀ atọ́kùn so ibì kan, àkókò kan tàbí ẹnì kan mọ́ ọn nídìí. Mo kọ ọ́ sójú pátákó: "She is not at home." "I do not work on Sundays." "They do not live in this house." Mo ní kí wọ́n wo bí ọ̀rọ̀ atọ́kùn kékeré yẹn ṣe ń yí padà, "at," "on," "in", bẹ́ẹ̀ "ní" kan ṣoṣo ni àwa ń lò fún gbogbo wọn.

Ohùn kan ti ẹnu ọ̀nà wá. "Ẹ jọ̀ọ́, Tíṣà, kí ló dé tí òyìnbó ń lo ìṣó mẹ́ta níbi tí ẹyọ kan ti tó?"

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ bínú, àmọ́ ẹ̀rín ló bọ́ lẹ́nu mi. Wákàtí méjì ló fi fá ìlẹ̀kùn tí kò ju iṣẹ́ ogún ìṣẹ́jú lọ yẹn. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, ó wá forúkọ sílẹ̀.

"Kí lẹ fẹ́ fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe?" mo bi í.

"Iléeṣẹ́ kan ní ìlú tó jìnnà ń wá olórí káfíńtà. Iṣẹ́ ọwọ́ mi tẹ́ wọn lọ́rùn, àmọ́ wọ́n ní lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, àwọn á fi Gẹ̀ẹ́sì fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò. Bí mo bá yege, mo di ọ̀gá. Bí mi ò bá yege, ìdí ìlẹ̀kùn yín ni mo ń padà sí."

"Ẹ máa yege. Kò sí ẹni tí mo kọ́ tí kì í yege."

Mo fọ́nnu. Mi ò mọ̀ pé ara mi ni mò ń ṣe.

Òfin kan wà ní kíláàsì mi. Akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ kọ gbólóhùn márùn-ún lójúmọ́, kó jẹ́ òótọ́, kó sì jẹ́ nípa ara rẹ̀. Lópin ọ̀sẹ̀, mo máa ń kó ogún ìwé lọ sílé láti mákì wọn. Kí n má purọ́ fún yín, ojú tí ẹ fi ń kàwé kọ́ ni tíṣà tó ti rẹ̀ fi ń kà á. Mo máa ń sáré wo ibi tí "not" wà, mo máa ń sáré wo ọ̀rọ̀ atọ́kùn. Bí méjèèjì bá ti jókòó síbi tó yẹ, mo ti fa bírò pupa nìyẹn, ó di orí ìkejì.

Káfíńtà a máa dúró lẹ́yìn kíláàsì bá mi to àga. Lọ́jọ́ kan ó rí i pé àga tèmi ń mì. Nígbà tí mo dé lọ́jọ́ kejì, àga ti dúró gbọin, ó tiẹ̀ ti fá ibi tó máa ń ya aṣọ mi. Mo jókòó lórí rẹ̀, omi sì lé sí mi lójú. Ọmọ ọdún méjìdínlógójì ni mí, kò tíì sí ọkùnrin tó kíyè sí ibi tí aṣọ mi ti ń ya.

Mo fẹ́ràn rẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀ débi pé tó bá kọ gbólóhùn tó dára, inú mi a dùn, inú mi a sì tún bàjẹ́, torí gbogbo èyí tó bá gbà ló ń sún un kúrò lọ́dọ̀ mi.

Bàámi fura. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni, òun nìkan ló sì tọ́ mi dàgbà.

"Káfíńtà," ó ní, bí ẹni tó jẹ òkúta nínú ìrẹsì. "Gbogbo ilé ìwé tí mo rán ọ lọ, kó o lè lọ fẹ́ ẹni tí kò mọ̀wé?"

"Bàámi, kò tíì sọ nǹkan kan fún mi."

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kó sọ ọ́."

Mo kó àwọn ìwé tí mo fẹ́ mákì, mo wọ yàrá mi lọ.

Oṣù mẹ́fà pé, wọ́n fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, ó sì yege. Ní Ọjọ́bọ̀ kan ló wá sọ fún mi, lẹ́yìn tí àwọn yòókù ti lọ. Ó ní Ọjọ́ Ajé lòun ń lọ. Ó fi ìwé gbólóhùn rẹ̀ sórí tábìlì mi, ó sì dúró.

"Tíṣà, ṣé ẹ ò ní nǹkan kan láti sọ fún mi?"

Ohùn Bàámi ló ń dún létí mi. "Ẹ kú oríire," mo ní.

Ojú rẹ̀ wálẹ̀. "Ó dáa, ẹ ṣeun," ó ní, ó sì rọra pa ìlẹ̀kùn dé. Ìlẹ̀kùn yẹn kò tiẹ̀ dún.

Mo gbé ìwé náà lọ sílé, àmọ́ mi ò lè ṣí i. Orí tábìlì ìjẹun ló wà títí di àárọ̀ Ọjọ́ Àbámẹ́ta, kí Bàámi tó fi awò sójú, tó fà á mọ́ra. Àṣìṣe ló fẹ́ wá. Ó ka ojú ìwé kan, ó ka ìkejì. Ó kà á dé ìparí.

"Ìwọ, ṣé o ka ìwé yìí, àbí o kàn mákì rẹ̀?"

"Bàámi?"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ rẹ̀ fún mi, pẹ̀lú ohùn tó máa ń fi ka orúkọ àwọn tó yege. "N kò pẹ́ nídìí ìlẹ̀kùn náà nítorí iṣẹ́. N kì í lọ sílé tààrà lẹ́yìn kíláàsì. Tíṣà kò rẹ́rìn-ín ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, n kò jẹun ní alẹ́ yẹn. N kò lè sọ ọ́ níwájú rẹ̀, ìdí nìyí tí mo fi ń kọ ọ́."

Ó yí ìwé náà sí mi. "I do not love anybody like her on this world." Èmi tìkára mi ti fi bírò pupa fagi lé "on," mo fi "in" sí i. Mo sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ gàdàgbà pé: "Ó dáa. Ẹ tẹra mọ́ ọn."

Mo bo ojú mi.

"Ọgbọ̀n ọdún nídìí iṣẹ́ tíṣà," Bàámi ní, "mi ò rí ẹni tó mákì lẹ́tà ìfẹ́ rí." Ó bọ́ awò, ó nù ún, ó tún un nù. "Ẹni tó kọ òótọ́ fún oṣù mẹ́fà láìrí èsì, ta ló ní kò mọ̀wé?"

"Ẹ̀yin ni, Bàámi."

"Mo kó ọ̀rọ̀ mi jẹ. Gbéra ńlẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ wà ní ìlú tó ń lọ náà, ọwọ́ mi ò sì rọ, mo lè dáná fún ara mi."

Mo bá káfíńtà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ń fi aṣọ wé irinṣẹ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Fúlùfúlù pákó wà nínú irun rẹ̀. Nígbà tó rí mi, ayùn tó dì mú kò mọ ibi tó máa bọ́ sí.

"Mo mákì rẹ̀, mi ò kà á," mo ní. "Ẹ foríjì mí. Mi ò ka ẹyọ kan níbẹ̀, àfìgbà tí Bàámi kà á fún mi."

Ó wò mí títí. "Oṣù mẹ́fà, Tíṣà. Mo rò pé ẹ ti gbọ́, pé ẹ kàn ní kí n ní sùúrù ni. Ẹ ṣáà ní kí n tẹra mọ́ ọn."

"Ẹ sì tẹra mọ́ ọn?"

"Ẹ ò rí i bí mo ṣe kọ ìwé yẹn kún?"

A rẹ́rìn-ín, ẹkún sì gba ẹ̀rín náà lẹ́nu mi. Mo na ìwé rẹ̀ sí i. Ojú ọ̀nà ni mo ti kọ gbólóhùn kan sí ojú ìwé tó kẹ́yìn, lẹ́tà rẹ̀ sì wọ́ gan-an. Ó fi ìka sábẹ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ó kà á sókè bí mo ṣe kọ́ ọ: "Do not go without me."

Ó fa pẹ́ńsù yọ lẹ́yìn etí, ó tẹ̀ ba lórí àpótí irinṣẹ́, ó mákì mi pé mo gbà á. Ó wá kọ nǹkan sábẹ́ rẹ̀, ó sì dá ìwé padà fún mi. Láti ọjọ́ tí a ti mọra, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí kò fi "ẹ" bá mi sọ̀rọ̀.

"Ó dáa. Tẹra mọ́ ọn, olólùfẹ́ mi."